Ẹni tí ó Dákú àti Ẹni tí ó Ta Jí: Ọ̀rọ̀ lórí Ọpọlọ àti Ìwà

Nígbà tí aláìsàn bá ti ilé ìwòsàn dé, ìbéèrè kan náà ni àwa Yorùbá máa ń bi àwọn ará ilé rẹ̀: 'Ṣé ara ti yá?' Bí ó bá jẹ́ pé ibà ni ó ṣe é, tàbí pé ẹsẹ̀ ni ó dá tí wọ́n sì tò ó, ìdáhùn kò le. Ibà a lọ, egungun a so, ẹni tí ó wọ inú àìsàn náà ni yóò sì jáde. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé orí ni ó fi sọlẹ̀, tí ọpọlọ inú agbárí rẹ̀ gbọgbẹ́, ìbéèrè náà kò rọrùn mọ́. Ojú lè là, ẹnu lè fọhùn, ẹsẹ̀ lè gbé e dé ọjà, kí tọmọdé tàgbà sì máa dúpẹ́. Síbẹ̀ kí ìyá tàbí ìyàwó rẹ̀ máa wò ó títí, kí ó sì máa bi ara rẹ̀ léèrè nínú yàrá pé ta ni eléyìí. Ìbéèrè inú yàrá yẹn ni mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra ìdánwò. Ẹni tí ó ta jí, ṣé ẹni tí ó dákú náà ni? Bí ìwà rẹ̀ bá sì ti yí padà, ta ni kí á dá lẹ́bi fún ìwà tuntun náà?

Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kọ́kọ́ pàdé ìbéèrè yìí. Inú ẹ̀bi ara mi ni mo ti pàdé rẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi. N ó pè é ní Àjàní, nítorí pé n kò fẹ́ dárúkọ rẹ̀ gan-an. Bí a bá ń pa ààlọ́, òun ni yóò dá orin rẹ̀, tí àwọn yòókù yóò máa gbè é. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kadà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi gbé e ti oko bọ̀ yọ̀ lójú títì, ó sì fi orí sọlẹ̀. Odidi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi mọ ẹni tí ó jókòó tì í. Ó tó oṣù mẹ́rin kí ó tó padà sí ilé ẹ̀kọ́. A kọrin ọpẹ́ fún un ní àpéjọ òwúrọ̀. Irun ti hù bo àpá orí rẹ̀. Ohun tí irun bò mọ́lẹ̀ yìí ni ó kó bá a, nítorí pé bí ó bá jẹ́ ọ̀pá ni ó fi ń rìn wọlé, ta ni ìbá ní kí ó sáré?

Ọmọ tí ó padà wá kò jọ Àjàní tí a mọ̀. Kí oòrùn tó mú, oorun ti gbé e lọ lórí àga. Yóò béèrè ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dáhùn tán. Lọ́jọ́ tí mo ń kọ́ wọn ní ìrèmọ̀jé, tí gbogbo kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi orúkọ tí àwọn ọmọ ń pè mí lẹ́yìn pè mí lójú ara mi. Mo nà án lẹ́gba mẹ́fà, mo sì ní kí ó lọ ro koríko ẹ̀yìn kíláàsì nínú oòrùn. Nígbà tí ó ro ó tán, ó wá bá mi, òógùn bo ojú rẹ̀, ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni mo ṣe?' Mo kà á sí àfojúdi. Mo tún fi méjì kún un. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òótọ́ ni ọmọ náà ń béèrè.

Ìyá rẹ̀ wá ní ọjọ́ kejì. N kò bá a wíjọ́ tẹ́lẹ̀ rí, mo sì ti ń to àwíjàre jọ. Kò wá jà. Ó kí mi tán, ó ní: 'Tíṣà, ọmọ tí mo gbé lọ sí ọsibítù kọ́ ni wọ́n gbé fún mi padà. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n gbé fún mi náà, èmi náà ni mo bí i. Ẹ bá mi fọwọ́ wọ́nú.' N kò rí èsì fọ̀. Gbogbo ohun tí mo ti kà láti ìgbà náà, mo fi ń wá èsì sí gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ yẹn ni, tí ó dà bí ẹni pé èkejì ń jiyàn pẹ̀lú èkíní.

Kí a lè mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Àjàní, ẹ jẹ́ kí a wo inú agbárí. Ọpọlọ rọ̀ bí wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri, inú omi díẹ̀ ni ó sì wà láàrin egungun líle. Bí orí bá ń lọ tipátipá tí ó sì dúró lójijì, egungun a dúró, ṣùgbọ́n ọpọlọ a ṣì máa lọ, a sì fi ara gbá ògiri ilé ara rẹ̀. Egungun tí ó wà lókè ojú àti lápá etí kò dán nínú, ibẹ̀ ni ọpọlọ ti máa ń bó jù. Apá iwájú ọpọlọ yìí gan-an ni a fi ń kó ara ẹni níjàánu, tí a fi ń pète, tí a fi ń gbé ọ̀rọ̀ mì kí ó tó di ìjà. Apá etí sì ní ipa pàtàkì nínú ìrántí. Nítorí náà, bí a bá rí ẹni tí ó fi orí sọlẹ̀ tí ó di onínú fùfù tàbí onígbàgbé, kí á má ṣe rò pé ìwà kan tí ó ti fi pamọ́ tẹ́lẹ̀ ni ó tú síta. Ibi tí ìjánu wà ni ó já.

Ìfarapa àkọ́kọ́ nìkan kọ́. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ọpọlọ a wú, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa dà sínú agbárí. Agbárí kì í ṣe aṣọ tí a lè tú etí rẹ̀ sílẹ̀, kò ní àyè ìfẹ̀sí, nítorí náà ohun tí ó wú yóò máa fún ara rẹ̀ pa. Bí ẹni náà kò bá mí dáadáa, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá dà lọ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lágbára láti ṣàn gun orí mọ́, ọpọlọ tí ì bá yè a kú. Ewu kejì yìí ni ọwọ́ ènìyàn lè dí. Mo sì ti rí i lójú títì wa bí a ti ń fi ọwọ́ ara wa ṣí ọ̀nà fún un: ẹni tí ó dákú, a gbé e lápá gbé e lẹ́sẹ̀, ọrùn rẹ̀ ń mì dirodiro, a da omi lé e lórí, ẹlòmíràn tilẹ̀ ń fi epo sí i lẹ́nu nígbà tí kò lè gbé itọ́ ara rẹ̀ mì. Bí ó bá kú, a ó ní àkúnlẹ̀yàn rẹ̀ ni.

Àwọn oníṣègùn ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn bí ẹni tí ó dákú ti jìn tó. Ní ọdún 1974, Graham Teasdale àti Bryan Jennett ní ìlú Glasgow gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí a ń lò káàkiri ayé títí di òní. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò: bí ojú ti ń là, bí ẹnu ti ń fọhùn, bí apá àti ẹsẹ̀ ti ń mira. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá yóò gba 15. Ẹni tí kò mira rárá yóò gba 3. Ẹni tí ó bá gba 8 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ìpalára rẹ̀ le púpọ̀. Wọn a tún tan iná sí ojú rẹ̀ láti wò bóyá ọmọlójú yóò sún kì. Wọn a béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí pé ọpọlọ àgbàlagbà kì í tètè bọ́ nínú ìpalára bí ti ọ̀dọ́. Lẹ́yìn tí ó bá ta jí, wọn a ka iye ọjọ́ tí ó fi ń sọ̀rọ̀ tí kò sì rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lánàá. Bí ọjọ́ náà bá ti pọ̀ tó ni ìmúbọ̀sípò ti máa ń pẹ́ tó. Ìyípadà a máa yára jù ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ọdún kejì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lè mú tirẹ̀ wá, yálà rere tàbí wárápá tí kò sí tẹ́lẹ̀.

Kò sí èyíkéyìí nínú ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí tí ń jẹ́ orí burúkú. Mo mọ̀ pé a máa ń sọ pé orí burúkú kò gbọ́ ọṣẹ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sì fẹ́ràn láti fi òwe náà parí àròkọ. N kò bá òwe jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé a ti fi ọ̀rọ̀ orí inú ṣe àwáwí tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbàgbé orí òde. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ líle mú òfin pé kí ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀ máa dé akoto, àwọn ọlọ́kadà kan gbẹ́ igbá, wọ́n sì so ó mọ́ orí kí ọlọ́pàá má ba à mú wọn. Àwọn èrò kan sì kọ akoto pátápátá: ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ọlọ́kadà lè fi oògùn sí inú rẹ̀ láti gba iyè wọn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Nítorí kí wọ́n má ba à gba iyè wa, a gbé orí ní ìhòòhò, títì sì gba iyè náà. Ìwádìí tí a ti ṣe ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi hàn pé akoto gidi ń dín ìpalára orí àwọn alálùpùpù kù ní nǹkan bí ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún. Orí Àjàní àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sí ohun tí ó bo èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé ìmọ̀ yìí jìnnà sí wa. Ní ọdún 1962 ni Ọ̀mọ̀wé Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Awẹ́ ní ẹ̀bá Ọ̀yọ́, ti Amẹ́ríkà padà wá sí ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ níbẹ̀. Akéwì ni pẹ̀lú. Ó ń dùn mí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ewì rẹ̀, nítorí ó wù mí láti gbọ́ ohun tí ẹni tí ó ti fojú rí ọpọlọ ọmọ aráyé ìbá fi Yorùbá sọ nípa orí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè wa. Àpẹẹrẹ tí àwọn onímọ̀ máa ń tọ́ka sí jù ni ti Phineas Gage, olórí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń la ọ̀nà rélùwéè ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 25 ni. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1848, ó ń fi ọ̀pá irin ki ẹ̀tù sínú ihò àpáta nígbà tí ẹ̀tù náà gbiná. Ọ̀pá náà gùn ju mítà kan lọ, ó sì wúwo tó nǹkan bí kílò mẹ́fà. Ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì wọlé, ó gba àtàrí jáde. Gage kò kú. Kò pẹ́ tí ó fi sọ̀rọ̀, ó sì jókòó nínú kẹ̀kẹ́ màlúù tí ó gbé e dé ilé. Dókítà Harlow tọ́jú rẹ̀ títí ojú egbò fi jinná. Ṣùgbọ́n dókítà náà kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1868 pé ẹni tí àwọn agbani-síṣẹ́ rẹ̀ kà sí ògbóṣáṣá tẹ́lẹ̀ ti di aláìfarabalẹ̀ àti ọlọ́rọ̀ àlùfààṣá, wọn kò sì gbà á padà sí ipò rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kì í ṣe Gage mọ́.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé ti máa ń pa ìtàn náà dé, àwọn tí wọ́n sì ń kà á a máa rò pé bẹ́ẹ̀ ni Gage wà títí ó fi kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1852 ó lọ sí orílẹ̀-èdè Chile, ó sì fi ọdún púpọ̀ wa kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin mẹ́fà ń fà níbẹ̀. Ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu, ṣé ó lè kó ẹṣin mẹ́fà níjàánu? Malcolm Macmillan, ẹni tí ó tú ìtàn náà wò fínnífínní, gbà pé Gage bọ̀ sípò ju bí a ti rò lọ, àti pé iṣẹ́ tí ó ní wákàtí àti ìlànà kan náà lójoojúmọ́ ni ó ràn án lọ́wọ́. Wárápá ni ó pa á ní ọdún 1860. Ohun tí ó mú mi lọ́kàn nínú ìtàn yìí ni pé àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ pé kì í ṣe Gage mọ́; ní Chile, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ Gage àtijọ́, ó rí àyè láti jẹ́ ẹnì kan. Bóyá ojú tí a fi ń wá ẹni àná kiri nínú ẹni òní náà jẹ́ ara ẹrù tí ó ń rù.

Àwa náà ní ìtàn tí ó yẹ kí á tún gbé yẹ̀ wò. Gbogbo ẹni tí ó ti kọ́ lítíréṣọ̀ Ifá ni ó mọ bí Oríṣẹ̀ẹ́kú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́ ti lọ yan orí nílé Àjàlá, bí àwọn méjì àkọ́kọ́ ti gbé orí tí kò jiná, tí òjò sì pa á títí ó fi ya lójú ọ̀nà ayé. Ohun tí a máa ń kọ́ ọmọ nínú ìtàn yìí ni pé kádàrá kò gbóògùn. Èmi náà ti kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn náà tún sọ pé gbogbo èrè iṣẹ́ àwọn olórí yíya ni wọ́n fi ń mọ orí náà padà. Èmi kò sọ pé ọpọlọ ni orí inú. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí àwọn baba wa ń sọ. Síbẹ̀, n kò mọ àwòrán mìíràn tí ó bá iṣẹ́ ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ gbọgbẹ́ mu tó èyí. Ẹ rò ó wò: ẹni tí ó ń fi odidi òwúrọ̀ rántí bí a ti ń so okùn bàtà, tí àárẹ̀ sì ti mú un kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Ẹ kò rí iṣẹ́ tí ó ṣe nítorí pé orí ni ó ná an lé. Ọ̀lẹ ni a ó pè é. Ọ̀lẹ ni èmi náà pè é.

Nísinsìnyí, ta ni ó ni ìwà? Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé ní ọdún 1975 pé láti ara 'wà' ni 'ìwà' ti jáde, pé wíwà ẹni àti ìhùwà ẹni kò jìnnà síra. A máa ń fi àlàyé yìí gbé ìwà ga. Ṣùgbọ́n ó ní ìhà kejì: bí ìwà bá ti inú wíwà jáde, nígbà tí wíwà bá gbọgbẹ́, ìwà yóò ṣẹ̀jẹ̀. A kò lè gbà pé ọ̀kan ni wọ́n lọ́jọ́ ìyìn, kí á wá yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́jọ́ ìbáwí.

Ẹnì kan yóò sọ pé, 'Ó dára, a ti yọ̀ǹda rẹ̀. Ohun yòówù tí ó bá ṣe, kì í ṣe òun ni ó ṣe é.' Èmi kò fara mọ́ èyí náà. Ẹni tí a kò bi ní ohunkóhun mọ́, a ti yọ ọ́ kúrò láàrin ènìyàn. Bí a ti ń ṣe fún wèrè inú ọjà nìyẹn, tí yóò gbé iṣu oníṣu tí a ó sì kàn máa rẹ́rìn-ín. Àjàní kò fẹ́ irú òmìnira bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ti gbọ́n díẹ̀, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bí ẹni tí kò rí àṣìṣe rẹ̀, ó dùn ún ju ẹgba lọ. Ohun tí ó ràn án lọ́wọ́ ni pé kí n pè é sẹ́yìn, kí n sọ ohun tí ó ṣe fún un láìjágbe, nítorí pé òun kò rántí, kí n kọ ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ó ṣe sórí bébà, kí n sì jẹ́ kí ó sinmi kí ó tó ṣe òmíràn. Kò mú wàhálà tán. Ó dín in kù.

Nínú ìtàn Ifá, Sùúrù ni baba tí ó bí Ìwà. Ọwọ́ oníwà ni a ti máa ń béèrè sùúrù náà. Ní ti ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ gbọgbẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò tó sùúrù mọ́ fún ìgbà kan, àwọn tí ó yí i ká ni yóò máa bá a mú un lọ́wọ́, bí a ti ń bá aláboyún mú ẹrù. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò fẹ́ kí a fò dá. Nínú ilé wa, orí obìnrin ni a máa ń di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé. Mo mọ ìyàwó kan tí ọkọ rẹ̀ ta jí tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí lù ú, ẹni tí kò gbé ọwọ́ sókè sí i rí ní ọdún mọ́kànlá. Àwọn àgbà ilé ọkọ ní kí ó fara dà á, pé kì í ṣe ọkọ rẹ̀ ni ó ń lù ú, àìsàn ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ara tí ó wú kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ọwọ́ ọkọ àti ọwọ́ àìsàn. Bí ọkùnrin náà kò bá jẹ̀bi, obìnrin náà kò jẹ gbèsè. Àwọn àgbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ sùúrù wọ̀nyẹn ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kó wá sun ilé náà, ní ẹnì kọ̀ọ̀kan lálaalẹ́, kí wọ́n gbé e lọ bá oníṣègùn, kí wọ́n sì jẹ́ kí obìnrin náà lọ sinmi lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ láìsọ pé ó kọ ọkọ. Èmi kò gbà pé sùúrù ni ohun tí a bá pa láṣẹ fún ẹnì kan ṣoṣo nígbà tí àwọn yòókù ń sùn.

Nípa gbólóhùn méjèèjì ìyá Àjàní, mo ti wá rí i pé wọn kò jiyàn. Nínú èkíní ó ń ṣọ̀fọ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni, nítorí pé ohun kan kú lójú títì lọ́jọ́ náà tí a kò sin, tí a kò sì kí i kú ará fẹ́ra kù. Nínú èkejì ó ń sọ orúkọ lẹ́ẹ̀kejì. Àwa tí a kọrin ọpẹ́ ní àpéjọ òwúrọ̀ kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Àjàní tún kíláàsì ka, kò sì yege nínú gbogbo iṣẹ́ tí ó ṣe ìdánwò rẹ̀. Ó ń ránṣọ báyìí lẹ́bàá ọ̀nà tí mo ń gbà lọ sílé. Ìwé pélébé kan wà lápò rẹ̀ tí ó ń kọ ìwọ̀n oníbàárà àti ọjọ́ tí wọn yóò wá gba aṣọ sí. Bí ó bá sọ ìwé náà nù, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ mi, mo sì dá a lóhùn. Mo lọ ra búrẹ́dì níwájú. Bí mo ti ń padà bọ̀, ó tún dìde, ó tún dọ̀bálẹ̀, ojú rẹ̀ tàn bí ẹni tí kò rí mi láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ. Mo gbé búrẹ́dì sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, mo jókòó, mo sì dárúkọ wọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.